Ìlù àfikún àti ọkàn tó rẹ̀: èwo ló ṣáájú?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 46 ni mí, àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú. Ó ti lé lọ́dún kan tí àyà mi ti ń ṣe bákan: á lù, á lù, á dákẹ́ díẹ̀, á wá lù gbì! Ó máa ń pọ̀ bí mo bá fi apá òsì sùn. Àwọn kan ní ìpayà ni, àwọn kan ní ọ̀tá ló ń ṣe mí. Ní ọsibítù, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ mi láyà fún wákàtí 24. Nínú ìgbà 94,000 tí ọkàn mi lù, wọ́n ní 17,860 ló jẹ́ àfikún. Wọ́n wá fi sikáànù wò ó, wọ́n ní agbára rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 41. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kò ru. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi ni n kò fi rí dókítà bi pé: ṣé lílù yìí ló mú kí ọkàn mi rẹ̀, àbí rírẹ̀ ọkàn ló fa lílù náà? Ṣé ó lè padà bọ̀ sípò?
Aláàdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ iye yẹn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sí mi kì í mọ iye tí wọ́n kà fún wọn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

O mọ àwọn tó ń lu aṣọ, tí wọ́n kojú síra wọn, tí òòlù kan ń lọ sókè bí èkejì ti ń bọ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá sáré lu tirẹ̀ kó tó kàn án, òòlù á kọlu òòlù, aṣọ ò ní dán. Ibi kan wà lókè ọkàn, lápá ọ̀tún, tó ń pàṣẹ kí ọkàn lù. Ìlù àfikún tìrẹ kì í dúró de àṣẹ yẹn. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó kún ibẹ̀ tán, apá kan á sì fún pọ̀ ṣáájú apá kejì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kì í tó nǹkan, ló fi dà bíi pé ọkàn dákẹ́. "Gbì" tó tẹ̀lé e ni ìlù tòótọ́ tó dé lẹ́yìn ìsinmi, tó bá ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀. Kò sí ọwọ́ ọ̀tá níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan. Èmi gan-an ní in nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù. Obì ni mo fi ń lé oorun, káféènì sì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, ó le koko. Títí dòní ó ṣì ń fò lálẹ́ ọjọ́ mìíràn. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀: 19 nínú 100 ni. Bó bá ti kọjá 10 nínú 100, àwọn dókítà á ti máa ṣọ́ ọkàn náà. Bó bá ń lọ sí 20 sókè, ewu pé iṣan ọkàn á rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ti 41, má rò pé 100 ló yẹ kó jẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, ìdá 41 nínú 100 ló ń jáde bí ọkàn bá lù. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń tó 50 tàbí 55 ó kéré tán.

Èwo ló ṣáájú? Àwọn dókítà ọkàn náà ń bi ara wọn. Lílù lemọ́lemọ́ lè fẹ yàrá ọkàn, kó sì sọ iṣan rẹ̀ di aláìlágbára. Ọkàn tó ti ní àpá tẹ́lẹ̀ náà sì lè bí ìlù àfikún. Ohun tó sábà ń tú àṣírí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kápá ìlù náà. Wọ́n lè fún ọ ní oògùn bíi bisoprolol tàbí metoprolol. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan dé inú ọkàn, wọ́n á wá ibi tí ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì jó o. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún sikáànù ṣe. Bí 41 bá gòkè lọ sí 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlù ló jẹ̀bi. Inú mi dùn láti sọ fún ọ pé irú rírẹ̀ ọkàn yìí wà lára àwọn tó lè padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbá, Abẹ́òkúta níbí, àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, láàárín ọdún 2009 sí 2010. Nínú ẹni 5, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti bíi 4. Jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ púpọ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún potásíọ̀mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé. Bí o bá ń mu àgbo tó ń mú èèyàn tọ̀ gan-an, sọ fún wọn. Ó lè gbọn potásíọ̀mù náà dànù.

Bí o bá dákú, bí ẹsẹ̀ rẹ bá wú, tàbí tí o kò lè mí bí o bá dùbúlẹ̀, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún ọ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Tí o bá ń padà lọ, mú ìwé àyẹ̀wò méjèèjì dání, ti ẹ̀rọ àyà àti ti sikáànù. Kọ ìbéèrè kan sórí bébà láti ilé, "Ṣé ojú kan náà ni gbogbo ìlù yìí ti ń wá, àbí ojú púpọ̀?" Fi lé dókítà lọ́wọ́ kí èrò ẹ̀yìn rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kùn.