Orí ọkọ̀ kan ń sáré, èkejì kọ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ rélùwéè orí tábìlì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí àwọn rélùwéè kékeré tó ń sáré lórí tábìlì ti ń wù mí. Mo ra orí ọkọ̀ méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa àwọn ọkọ̀ yòókù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àlòkù ni àwọn méjèèjì, HO ni wọ́n sì kọ sára páálí wọn. Mo tún ra irin díẹ̀ àti kọntírólà tuntun tó ń fún irin níná. Ọ̀kan ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èkejì, bí mo bá ti gbé e lé irin báyìí, iná pupa ara kọntírólà á tàn, gbogbo nǹkan á dúró. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Tábìlì mi kò ju 120 sẹ̀ǹtímítà sí 70 lọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí n má baà tún ra ohun tí kò ní wúlò?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò lù yín ní jìbìtì. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sílẹ̀, ẹ dojú orí ọkọ̀ kejì yẹn dé, kí ẹ wo ikùn rẹ̀. Tí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ kan tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wọlé díẹ̀ tó sì máa ń padà jáde tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ọkọ̀ onírin mẹ́ta ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Märklin ti Jámánì ń ṣe. Irin tí ẹ̀yin rà, onírin méjì ni.

Ohun tó fa ìjà wọn kò le. Lórí irin méjì, irin ọ̀tún ló gbé ẹnu iná kan, irin òsì ló gbé èkejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ọkọ̀ kò wá gbọdọ̀ gbé iná fún ara wọn, torí náà wọ́n máa ń fi ike pààlà sáàárín wọn. Ti Märklin kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ọ̀tún àti tòsì jọ gbé ẹnu iná kan náà ni. Ẹnu kejì wà láàárín, lára àwọn orí ìṣó kéékèèké tó yọrí jáde nínú igi ìdábùú. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ rí lábẹ́ ikùn yẹn ló ń wọ́ lórí wọn, tó ń gba iná náà wọlé. Kò sí ohun tó kan ilé iṣẹ́ náà bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń gbé iná fún tòsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lé irin yín, irin lásán ló so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná á bíríìjì, kọntírólà á sì gba ara rẹ̀ là. Kò tíì sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ ṣáà má fi ọwọ́ di kọntírólà mú pé kó ṣe é tipátipá.

Ohun tó tàn yín ni HO tó wà lára páálí. HO ń sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, kò sọ bó ṣe ń gba iná. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù gbọ́dọ̀ béèrè méjèèjì. Èmi kì í ra orí ọkọ̀ kankan tí ẹni tó ń tà á kò bá fi fọ́tò ikùn rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ń dán, ikùn ló ń sọ òtítọ́: ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ tó bá wà, ẹ ó rí ẹsẹ̀ tó ti dúdú, ẹ ó sì rí irun àti òwú tó ti lọ́ mọ́ ọ̀pá àárín ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé "a kò dán an wò", ẹ kà á sí pé kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dá owó tó bá ohun tí kò ṣiṣẹ́ mu lé e.

Ẹ lè pààrọ̀ èkejì yẹn fún ẹni tó ń lo irin mẹ́ta, ẹ sì lè gbé e sórí pẹpẹ kí ó máa dára lójú. A lè yí i padà sí onírin méjì, a máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n a óò pààrọ̀ ẹsẹ̀, a ó sì tún wáyà inú rẹ̀ tò. Mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé ibẹ̀ ni kí ó ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwọ̀n, torí òun ló máa pinnu gbogbo ohun tí ẹ ó rà láti òní lọ. HO túmọ̀ sí pé a ti dín ọkọ̀ gidi kù ní ìlọ́po 87. Ẹni tó ga ní 174 sẹ̀ǹtímítà yóò di ènìyàn sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Irin gidi tó wọ́pọ̀ jù láyé fi 1435 mílímítà jìnnà síra. Ẹ pín in sí 87, ẹ ó rí mílímítà 16.5, ìyẹn sì ni àyè tó wà láàárín irin HO yín. Ìwọ̀n N kéré sí i: ìlọ́po 160 ni, irin rẹ̀ sì fi mílímítà 9 jìnnà síra. Z tí Märklin gbé jáde ní 1972 kéré débi pé àyè mílímítà 6.5 ló wà láàárín irin rẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku tí kò tó nǹkan lè dá a dúró. Lókè HO, O wà, G sì wà, èyí tó ń lo irin mílímítà 45 tí àwọn ènìyàn ń tẹ́ yí ọgbà òdòdó wọn ká. Àwọn ará Bìrìtìkó náà ní OO tiwọn, tó ń sáré lórí irin HO gan-an, àmọ́ ìlọ́po 76 ni wọ́n dín ọkọ̀ ara rẹ̀ kù. Bí ẹ bá to OO tẹ̀lé HO, yóò sáré, ṣùgbọ́n ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, ojú yín kò sì ní gbà á.

Tábìlì yín ńkọ́? Kọ́nà HO tó há jù tí wọ́n sábà ń fi sínú páálí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, mílímítà 360 ló fi jìnnà sí àárín òbìrìkítí. Kí irin yí po padà, ẹ nílò sẹ̀ǹtímítà 72 láti àárín irin ìhín dé àárín irin ọ̀hún, ẹ kò sì tíì ka igi ìdábùú àti ara ọkọ̀ tó ń yọ síta ní kọ́nà. Tábìlì sẹ̀ǹtímítà 70 kò lè gbà á láéláé. Ká ní ẹ kò tíì ra nǹkan kan ni, N ni ǹ bá ní kí ẹ rà, torí kọ́nà mílímítà 249 wà fún un, òbìrìkítí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Nísinsìnyí tí ẹ ti ní orí ọkọ̀ HO kan tó ń sáré, ẹ má tì í sọnù. Ẹ gé púláìwúùdù 120 sí 90, ẹ gbé e lé tábìlì náà, kí ó yọ síta díẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì. Ẹ má tẹ́ irin sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán bí ẹ kò bá fẹ́ máa fi abẹ́rẹ́ yọ òwú kúrò lábẹ́ ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Ó ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ rò wò kí ẹ tó gé pákó. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí irin kò bá yí po, kì í ṣe rélùwéè. Èmi kò gbà. Ọkọ̀ tó ń yí po á dùn yín fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà ẹ ó máa wò ó bí ẹni tó ń wo fáànù. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ nípa eré tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Wright, gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Inglenook. Irin gbọọrọ kan ni, pẹ̀lú oríta méjì tó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tí kò já síbì kankan. Ọ̀kan gba ọkọ̀ ẹrù márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ní ọkọ̀ ẹrù mẹ́jọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà, ẹ mú márùn-ún láìwò, kí ẹ wá fi orí ọkọ̀ fà wọ́n, tì wọ́n, já wọn, so wọ́n, títí márùn-ún náà yóò fi tò bí bébà ṣe tò. Ọ̀nà 6720 ló wà tí márùn-ún lè gbà tò nínú mẹ́jọ, nítorí náà ẹ kò ní rí eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì bọ̀rọ̀. Èyí tó kéré wà pẹ̀lú: ọkọ̀ ẹrù márùn-ún péré, ọ̀nà mẹ́ta tó gba mẹ́ta, méjì, méjì. Tí ẹ bá lo ọkọ̀ ẹrù HO kúkúrú, ìyẹn á wọ pákó sẹ̀ǹtímítà 120 sí 30. Pẹpẹ lásán ni, kò tilẹ̀ gba tábìlì.

Ọ̀rọ̀ iná. Kọntírólà tí ẹ rà yẹn kò ní fi ju nǹkan bíi fólítì (volt) 12 lọ sórí irin. Bí ẹ bá yí bọ́tìnì sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á lọ síwájú. Bí ẹ bá yí i sósì, ẹnu iná á pààrọ̀, á sì padà sẹ́yìn. Wọ́n tún ní ọ̀nà kejì, DCC, tí gbèdéke rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NMRA ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, iná wà lórí irin nígbà gbogbo, orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní pátákó iná kékeré kan nínú tó ń gbọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan. Ìlànà yẹn ló mú kí ọkọ̀ méjì lè pàdé lórí irin kan náà, kí ọ̀kan dúró kí èkejì máa lọ. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ kan ni ẹ ní, ẹ lo bọ́tìnì yín ná. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wá èyí tí wọ́n ti ṣe ojú ihò pátákó náà sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó má baà di wàhálà lọ́la. Bí ọjọ́ DCC bá sì dé, ẹ rántí pé nọ́ńbà 3 ni wọ́n ń fún gbogbo wọn láti ilé iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó pàṣẹ fún ọ̀kan, tí méjèèjì jọ ta mọ́nà, tó wá ń pariwo pé ẹ̀rọ òun ti ya wèrè. Ẹ má sì so kọntírólà àtijọ́ àti ti DCC mọ́ irin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ń ba nǹkan jẹ́ ní tòótọ́. Tirafọ́mà ọjọ́ pípẹ́ tí wáyà ìdí rẹ̀ ti gbẹ, tó ń já, ẹ gbé e jù nù, ì báà ṣe pé ẹni ọ̀wọ́n ló fi jogún fún yín.

Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n gbé wá fún mi pé "mọ́tò rẹ̀ ti kú", ìdọ̀tí ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: iná iwájú ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kọsẹ̀, ẹ fi ìka tì í, ó lọ. Ẹ fi aṣọ funfun nu orí irin, ẹ ó rí ìlà dúdú méjì lára aṣọ náà. Isopropyl alcohol díẹ̀ lórí aṣọ ti tó. Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀: ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù pẹ̀lú alcohol náà dábùú irin méjèèjì, ẹ gbé ọkọ̀ sí i kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lórí irin, kí ti iwájú wà lórí aṣọ, ẹ di ara rẹ̀ mú fẹ́rẹ́fẹ́, ẹ fún un níná díẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ tó wà lórí aṣọ á máa yí lójú kan, wọ́n á sì máa nu ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ yí ọkọ̀ padà. Ẹ má lo sánpépà, torí ojú ìhọra tó ń fi sílẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá sí. Epo ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́, tí kì í jẹ ike: ẹ̀kán kan ní ẹnu abẹ́rẹ́, níbi tí ọ̀pá ti wọ ihò, ó tó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oníbàárà mi kan da òróró ìdáná sínú tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, eyín ẹ̀rọ ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì í.

Ní ti kíkó ọkọ̀ jọ, èmi kò rí i pé ó yàtọ̀ sí kí a máa fi wọ́n sáré, àyàfi pé páálí ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ọkọ̀ tí páálí rẹ̀ pé ń níye lórí ju èyí tó wà níhòòhò lọ. Ẹ gbé wọn jìnnà sí oòrùn ojú fèrèsé. Àwọn kan lára ọkọ̀ àtijọ́ tí a fi irin dídà ṣe ní àìsàn kan tí kò ní oògùn: wọ́n po irin náà mọ́ lẹ́ẹ̀dì láìmọ̀, yóò wá máa wú, yóò máa sán, títí yóò fi rún sọ́wọ́. Tí ẹ bá rí ìlà sísán wẹ́wẹ́ tàbí ara tó ti tẹ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Kí n má gbàgbé: ó lè jẹ́ pé ẹ wo ikùn èkejì yẹn tán, tí kò sí irin pẹlẹbẹ kankan níbẹ̀. Ẹ má tíì pinnu. Ẹ gbé mítà àwọn oníná, èyí tó máa ń dún bí iná bá lè kọjá, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì lórí ọ̀pá kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún ni ọ̀daràn: ike ààrin rẹ̀ ti fọ́, tàbí irun irin kan ti há sí i. Tí kò bá sí èyí tó dún, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tú ọ̀pá kan rí, tó sì dá a padà ní òdìkejì. Nínú àwọn orí ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ike ń wà lára ọ̀pá. Ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, ẹ tún un gbé lé irin.