Ṣé Kí N Yá Owó Ṣe Masters Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì. B.Sc. Microbiology ni mo ní. Mo rí ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun kan tó ní òun á fún èèyàn ní masters iṣẹ́ olùkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá ti gbà á, mo ti di olùkọ́ gidi, owó oṣù mi á sì lọ sókè. Ṣé kí n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má tíì yá kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú, kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń fi irọ́ gba owó tí olùkọ́ fi òógùn ojú kó jọ.

Ẹ kò tíì débi masters rárá. PGDE ló kàn yín, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí ẹni tó gboyè nínú iṣẹ́ mìíràn ń ṣe kó tó lè fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe iṣẹ́. Ẹ lè ṣe é lọ́dọ̀ NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ tó wà ní Kàdúná, tàbí ní NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, láì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n forúkọ yín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa gan-an ló máa kọ́kọ́ béèrè B.Ed., ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́, tàbí PGDE kí wọ́n tó gbà yín fún M.Ed., ìyẹn masters iṣẹ́ olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tan yín jù. Ìwé-ẹ̀rí kọ́ ló ń san owó oṣù. Ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni. Ní ilé-ìwé aládàáni, owó tí òbí bá san ni wọ́n ń pín fún òṣìṣẹ́. Lọ́la, ẹ wọ ọ́fíìsì ẹni tó ni ilé-ìwé yín, kí ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá mú M.Ed. dé, èló lẹ máa fi kún owó mi?” Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kọ̀ tí kò kọ ọ́, ẹ ti mọ èrè tó wà níbẹ̀. TRCN á gbé ẹni tó ní masters iṣẹ́ olùkọ́ sí ìsọ̀rí B, ẹni tó ní B.Ed. wà ní C, ẹni tó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wà ní D. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí náírà kankan tó ń bá lẹ́tà yẹn rìn ní ilé-ìwé aládàáni. Ní ti ìjọba, ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, àyè tó ṣí sílẹ̀ àti owó tó wà nílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé èèyàn ga. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, nítorí náà ẹ bi TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ ilé-ìwé girama ìjọba síṣẹ́, fúnra wọn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe òfin.

Masters wúlò o. Ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tàbí tó ń lépa PhD, sábà máa ń nílò rẹ̀. Pé ó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò bà á jẹ́: NOUN ń ṣe é, ìjọba sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye kóòsì kí ẹ tó ní ó pọ́ọ́kú, torí lọ́dọ̀ wọn, kóòsì kọ̀ọ̀kan ló ní owó ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ó tún ní owó ìdánwò lọ́tọ̀. Ẹ fi dátà kún un, àti owó ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìdánwò.

Ní ti ti oṣù díẹ̀ yẹn, ẹ sá fún un. Ní òpin ọdún 2023, oníròyìn kan ní ìwé ìròyìn Daily Nigerian tú u síta pé òun gba dìgírì ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí Benin àti Togo wò dúró, àwọn tó kàwé tiwọn dáadáa náà sì fara gbá a. Kí ẹ tó san owó fún ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun èyíkéyìí, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gba ìwé-ẹ̀rí náà wọlé. Ẹ dúró títí wọ́n á fi fèsì. Ní báyìí ná, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù PGDE.