Kí Ló Ń Mú Kí Olùdìbò Kọ Owó Orí Tuntun?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Káúńtì Gwinnett ní ìpínlẹ̀ Georgia ni mò ń gbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, a dìbò lórí owó orí ọjà fún ọkọ̀ èrò, àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì borí. Àwọn ará ẹgbẹ́ wa ní àwọn olówó ló ra ìbò náà. Ṣé ó tún yẹ kí n máa yọ ara mi lẹ́nu láti dìbò?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ti dé ọwọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kò sì tọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ “ra ìbò” yẹn sílẹ̀. N kò sọ pé owó kò wúlò fún ìpolongo, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Atlanta ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2012, nígbà tí káúńtì mẹ́wàá dìbò lórí T-SPLOST, ìyẹn sẹ́ǹtì kan lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a bá fi rajà, fún ọdún 10, láti fi ṣe ọ̀nà àti ọkọ̀ èrò. Gómìnà Nathan Deal, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, fẹ́ ẹ; Kasim Reed, olórí ìlú Atlanta, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, fẹ́ ẹ; àwọn oníṣòwò ńlá sì ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí. Owó tó wà lọ́wọ́ àwọn alátakò kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Síbẹ̀, nínú olùdìbò 100, bíi 63 ló kọ̀ ọ́.

Àwọn tí kì í fẹ́ rí ara wọn sójú ló pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Tea Party, ìyẹn àwọn tó ń tako owó orí gíga, ní owó tí ìjọba ń gbà ti pọ̀ jù. Sierra Club, tí ń jà fún ààbò àyíká, ní ọ̀nà mọ́tò ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀. NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ti káúńtì DeKalb ní tiwọn ní ó ti tó 40 ọdún tí àwọn ti ń san sẹ́ǹtì kan fún MARTA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò agbègbè Atlanta, ojú irin kò sì tíì gba gúúsù káúńtì àwọn kọjá. Ìdí wọn kò jọra, ṣùgbọ́n “rárá” kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára alátakò tó bá ṣètò ara rẹ̀ wà: ẹni tó ń polongo owó orí gbọ́dọ̀ mú kí ènìyàn gba odindi ètò náà gbọ́, nígbà tí ẹni tó tako ó kàn ní láti rí ohun kan ṣoṣo tó ń dun olùdìbò, kó sì di ìyẹn mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n fi ìdìbò T-SPLOST sí, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jókòó sílé, tó jẹ́ pé àwọn tó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn ló ń jáde.

Nítorí náà, ẹ máa dìbò. Ẹ kọ́kọ́ ka àkójọ iṣẹ́ tí owó náà yóò ṣe àti iye ọdún tí ẹ óò fi san án (ti Gwinnett tí ẹ wí yẹn, 30 ọdún ni). Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ green card ni ẹ ní, tí ẹ kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ má dìbò rárá, ẹ má sì forúkọ sílẹ̀, nítorí ó lè ba ìwé ìgbélùú yín jẹ́. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí ọ̀rọ̀ ìwé yín bá rú yín lójú, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi, kì í ṣe ará ẹgbẹ́.