Ta ni kí ẹ pè wá bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ lórí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Akọ̀wé wa, ẹ kú wàhálà ètò o. Ẹ ní ẹni mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ìpàdé ẹgbẹ́ yín: ọ̀kan tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀kan tó ní òun ṣe yahoo rí kí òun tó ronú pìwà dà, àti ọ̀kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ààbò kọ̀ǹpútà, tó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀. Èmi ni mo máa ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn níbí, àwa tí à ń kó ohun èlò ìkọ́lé wọlé láti Ṣáínà. Ojú mi ti rí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti ọ̀fẹ́ yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹni tí kò gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò ti gbà á. Irú rẹ̀ kan wá sọ́dọ̀ wa rí. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà wá dáadáa, lẹ́yìn náà ó dọjà títà. Kí ìpàdé tó tú, àwọn àgbà kan ti fọwọ́ sí ìwé láti ra ohun ààbò kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo òwò wọn. Tí ẹ ò bá lè lé e, ẹ fún un ní tábìlì níta. Ẹ má fún un ní máìkì.

Ti ọmọ yahoo yẹn, àwọn èèyàn á fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, gbọ̀ngàn á kún. Èmi ò ní pè é. Kò sẹ́ni tó lè yẹ ìtàn rẹ̀ wò, ó sì ṣeé ṣe kó mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé láìmọ ohun tí ẹni tí wọ́n jà lólè máa ṣe. Wọ́n á sọ fún yín pé ṣebí Kevin Mitnick, ògbójú tó ń já wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, náà ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, 1995 ni wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń bá àwọn oníṣòwò dán ààbò wọn wò. Ẹ bi tiyín léèrè iṣẹ́ tó ti ṣe láti ọjọ́ tó ronú pìwà dà.

Ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí a ń fojú di. CISSP, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí kan fún onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, bí àpẹẹrẹ, wọ́n máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fúnni, ẹ sì lè yẹ orúkọ ẹni náà wò lórí ìkànnì ISC2, àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí onímọ̀ gidi tó sọ̀rọ̀ títí tí ìyá oníbúlọ́ọ̀kù sùn lọ.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa pè é lórí fóònù, màá ní: "Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sanwó kọ̀ǹtéńà fún oníbàárà rẹ̀ ní Guangzhou. Íméèlì ló wọlé pé àkáùntì ti yí padà. Àná ló sanwó, àṣé gbájúẹ̀ ló gbà á. Kí ló kàn?" Mo máa wá dákẹ́.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ firewall, ìyẹn ohun tó ń dínà fún àlejò àìmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fún mi, mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dá mi lóhùn pé, "Báńkì wo ni? Ṣé wọ́n ti ní kí wọ́n dá owó náà dúró? Ta ni wọ́n wọ íméèlì rẹ̀, òun ni àbí ará Ṣáínà?", ọwọ́ rẹ̀ ti kan irú rẹ̀ rí. Èyí tó mọṣẹ́ jù nínú wọn ní ká lọ wo inú ètò íméèlì náà bóyá ẹnì kan ti ṣe é kí gbogbo lẹ́tà máa lọ síbòmíì níkọ̀kọ̀. Òun náà ló rán mi létí pé òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní kí ẹni tí wọ́n bá kọlu kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi tó ngCERT, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Òun la mú.

Ẹ tún béèrè ohun tó fẹ́ sọ jù. Ransomware, ìyẹn kí wọ́n ti fáìlì ẹni pa kí wọ́n ní kó wá rà á padà, ló dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ní 2023, mílíọ̀nù dọ́là 59.6 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìyẹn, nígbà tí jìbìtì íméèlì oníṣòwò, irú ti Guangzhou yẹn, gbé bílíọ̀nù 2.9. Oníṣòwò tiwa, ibi ìsanwó ni wọ́n ti ń mú un. Ó lè fi ti Arup, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé, ní Hong Kong dá wọn lára yá, níbi tí wọ́n ti fi àwòrán ayédèrú àwọn ọ̀gá ṣe ìpàdé orí fídíò, tí òṣìṣẹ́ kan sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 25. Lẹ́yìn ìyẹn, kó yáa sọ fún wọn pé nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n pè kí owó tó jáde, kì í ṣe èyí tó wà nínú íméèlì náà.

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá lórí fóònù kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un kó má dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹ san owó tó yẹ fún un, kí ẹ fi àyè ìbéèrè sílẹ̀ dáadáa. Tiwa, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé pọ̀ ju àwọn tó béèrè nínú gbọ̀ngàn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pe oníwèé-ẹ̀rí yẹn. Tí kò bá yege, ẹ lọ bá máníjà báńkì yín pé ẹ fẹ́ ẹni tó ń mójú tó jìbìtì lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tètè kọ lẹ́tà o, torí ó máa ń pẹ́ kí olú ilé-iṣẹ́ wọn tó fọwọ́ sí i.