Ẹ Má Tíì Gbé Páǹpù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Kòkòrò Pupa Alámì Dúdú

Láti ìgbà tí ẹ̀wà ìgbà òjò kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀rọ̀ kòkòrò kan ló ń wọlé sí wa jù. Kòkòrò kékeré olóbìrípo ni, ó pupa tàbí ó ní àwọ̀ ọsàn, àmì dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ladybird ni àwọn ọmọ iléèwé ń pè é. Àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn kan ti ń fi páǹpù fín oògùn sí i. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin ẹ̀wà àti ilá sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀mùnú ẹ̀wà ti ká jọ, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kòkòrò pupa alámì dúdú sì kún orí rẹ̀. Ewé ilá náà ti lu jára. Bàbá àwọn ọmọ ti ra oògùn. Ṣé ká fín in? (Ìyá kan, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Kòkòrò pupa kọ́ ló ká ewé ẹ̀wà yín jọ. Ohun tó ká a jọ gan-an ló wá jẹ.

Ẹ yí ọ̀mùnú náà wò lábẹ́. Ẹ ó rí àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní tó ń dán, tí wọ́n to ara wọn mọ́ igi tútù àti èso tuntun, tí wọn kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Iná ewé la ó máa pè wọ́n. Wọ́n ń fa omi inú ẹ̀wà mu, ibẹ̀ ni ewé ti ń ká. Omi dídùn tí wọ́n ń yà ló lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí omi yẹn bá pẹ́ lórí ewé, ẹ̀bu dúdú á hù lé e, oòrùn kò sì ní ráyè kan ewé bó ṣe yẹ. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ń gbé àrùn tó ń sọ ewé di alábàwọ́n láti orí igi ẹ̀wà kan dé òmíràn, àrùn yẹn kò sì ní oògùn.

Ohun tó ń mú kí èèyàn ṣi kòkòrò pupa mú ni pé iye ọjọ́ wọn kò dọ́gba. Abo iná ewé kò nílò akọ kó tó bímọ, ọmọ rẹ̀ a sì máa jáde láàyè, láìsí ẹyin. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà ti ń bímọ tirẹ̀. Kòkòrò pupa ní tirẹ̀ ń lò tó ọ̀sẹ̀ 3 láti ẹyin di àgbà nínú ooru ilẹ̀ wa. Ìyẹn ni pé iná ewé ni yóò kọ́kọ́ pọ̀, kòkòrò pupa á wá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá wá rí i pé ó kún orí ẹ̀wà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé páǹpù.

Ẹ mú igi ẹ̀wà 10 ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọgbà, kí ẹ wo abẹ́ ewé àti ọ̀mùnú wọn. Bí ẹ bá rí kòkòrò pupa, ẹyin rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lórí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí ẹ tún padà wá wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 3 tó hù ni iná ewé bò mọ́lẹ̀, ẹ má dúró o. Igi tó kéré báyẹn lè kú. Ẹ fi ìka méjì nu wọ́n kúrò, kí ẹ da omi lù ú, tàbí kí ẹ lo omi ọṣẹ tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Ní ti ilá, kòkòrò mìíràn ló lu ewé yẹn: èyí tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, tó máa ń ta pọ́ún bí ọwọ́ bá súnmọ́ ọn. Kòkòrò pupa kì í ta, ó ń rìn ni, tàbí kó fò. Ilá tó ti ga tó orúnkún kì í sábà kú sí i. Ilá kékeré ni kí ẹ máa ṣọ́.

Mo ti ń tẹ kòkòrò dúdú kan pa lórí ẹ̀wà mi. Ó gùn, ó ní ẹsẹ̀ 6, ara rẹ̀ rí págunpàgun bí ọ̀nì kékeré, àmì bí àwọ̀ ọsàn sì wà lára rẹ̀. Kí ni oògùn rẹ̀? (Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ọmọ kòkòrò pupa náà nìyẹn. Kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á ju ìyá rẹ̀ lọ.

Abẹ́ ewé ni ìyá ń yé sí, nítòsí iná ewé. Ẹyin náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gùn díẹ̀, ó dúró lóòró, bíi 10 sí 30 á sì wà lójú kan. Wọ́n ń pa láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Ọmọ tó jáde á máa jẹun kiri fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, á sì pàrọ̀ awọ ara rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Lẹ́yìn náà, á fi ìdí lẹ̀ mọ́ ewé, á ká jọ, kò sì ní jẹun mọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 7. Ní àsìkò yìí, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á tún wálẹ̀. Kò kú, ìyẹ́ rẹ̀ ló ń hù nínú. Àgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń pọ́n ràkọ̀ láìní àmì. Bí wákàtí ti ń lọ ni àmì dúdú á máa yọ.

Ọmọ yìí kan ṣoṣo lè jẹ iná ewé tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan kó tó lẹ̀ mọ́ ewé. Kò ní ìyẹ́, kò lè fò lọ sí oko ẹlòmíràn, inú oko yín ló ti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí. Nítorí náà, bí a bá ní ká yàn láàárín àgbà àti ọmọ, ọmọ la ó yàn fún yín.

Ọmọ mi mú ọ̀kan, ó sì da omi pupa rúsúrúsú tó ń rùn sí i lọ́wọ́. Ṣé oró ni? Ṣé lóòótọ́ ni pé iye àmì ẹ̀yìn rẹ̀ ni iye ọdún rẹ̀? (Takie, Ògbómọ̀ṣọ́)

Kì í ṣe oró tó ń pa èèyàn. Oríkèé ẹsẹ̀ ni omi yẹn ti ń jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ó korò, kí ẹyẹ má baà gbé e mì ni. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ ọmọ, kí ó má fi nu ojú kó tó fọ̀ ọ́. Ó lè dá àbàwọ́n sí aṣọ funfun. Ìgbà mìíràn á ká ẹsẹ̀ jọ, á ṣe bí ẹni tó kú. Ẹ gbé e sórí ewé, á dìde. Ó lè fi ẹnu gé èèyàn jẹ díẹ̀ bí ara bá ń làágùn, ṣùgbọ́n kì í kó àrùn ranni. Iye àmì kò sì kan ọjọ́ orí. Irú tí kòkòrò náà jẹ́ ló ń pinnu àmì rẹ̀. Ní agbègbè wa a tún ń rí èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ní ìlà dúdú.

Ẹ sọ pé kòkòrò pupa kọ́ ló ń ba ewé jẹ́. Ẹ wá wo ewé ìkàn àti kùkúmbà mi: iṣan nìkan ló kù, kòkòrò pupa alámì ló sì wà lórí rẹ̀. (Akẹ́sán, Ọ̀yọ́)

Ohun tí ẹ rí tọ̀nà. Nínú ìdílé kòkòrò yìí, ẹ̀ya kan wà tó ń jẹ ewé, Epilachna lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ìkàn, kùkúmbà, elégédé àti bàrà ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń ha ẹran ara ewé jẹ láàárín iṣan títí ewé á fi gbẹ, á sì pọ́n bíi pé iná jó o.

Ẹ má fi àwọ̀ pupa nìkan dá a mọ̀. Ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ̀yìn èyí tó ń jẹ iná ewé máa ń dán gbinrin. Ti èyí tó ń jẹ ewé kì í dán, irun wínníwínní ló bò ó. Ọmọ wọn ló tiẹ̀ tún fi ìyàtọ̀ hàn kedere: ọmọ èyí tó ń jẹ ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀gún ẹlẹ́ka sì kún ẹ̀yìn rẹ̀, kì í sì sáré. Ẹ tún wo ohun tó wà lójú ewé. Bí iná ewé bá wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni. Bí kò bá sí iná ewé, tí ewé sì ti di àwọ̀n, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ ni oògùn tó dára jù. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ara wọn á ṣì wúwo. Ẹ pọn omi ọṣẹ sínú ike, ẹ gbé e sábẹ́ ewé, ẹ gbọn wọ́n sínú rẹ̀. Ẹ já ewé tí ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, nítorí ẹyin tí ẹ kò rí lónìí yóò pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá kórè tán, ẹ fa igi ìkàn àtijọ́ tu, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

Mo fín ẹ̀wà mi lẹ́ẹ̀mejì. Iná ewé lọ, àmọ́ nígbà tó yá, ó padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé oògùn yẹn ò lágbára ni? (Ìjẹrú, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ wo ara ìgò náà. Bí ẹ bá rí cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin, ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í yan ẹni tó máa pa. Kòkòrò pupa tó ń rìn kiri lórí ewé á kú sí i; iná ewé tó fara pamọ́ sínú ewé tó ká á yè. Àwọn tó yè ń bímọ, kò sì sí ẹni tó máa jẹ wọ́n mọ́. Bí ẹ bá sì ń da ajílẹ̀ onínáítírójìn tàbí ìgbẹ́ adìyẹ púpọ̀ sí i, ewé á rọ̀, iná ewé á sì pọ̀ sí i. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ń wá náítírójìn tirẹ̀, kò nílò púpọ̀.

Ẹ gbìyànjú omi ọṣẹ. Ọṣẹ dúdú ìbílẹ̀ dára, ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan sí lítà 2 omi gbígbóná díẹ̀. Ẹ pò ó títí á fi yọ́, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má baà dí ẹnu páǹpù. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ó ń jó ewé. Ẹ kọ́kọ́ fín ewé 2 tàbí 3, kí ẹ wò wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 2, nítorí omi eérú tó wà nínú ọṣẹ dúdú kò dọ́gba. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, abẹ́ ewé ni kí ó dé. Ara tó bá kàn nìkan ló ń pa, bó bá ti gbẹ, agbára rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò pupa tó bá fò dé lọ́jọ́ kejì kò fi ní kú sí i. Ọmọ rẹ̀ tí omi náà bá bà lè kú o, nítorí náà ibi tí iná ewé pọ̀ sí nìkan ni kí ẹ fín.

Èso dóńgóyárò náà ń ṣiṣẹ́: 500 gíráàmù kóró inú rẹ̀ tó ti gbẹ, tí ẹ gún, nínú lítà 10 omi, kó sùn mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ yẹra fún ibi tí ọmọ kòkòrò pupa bá pọ̀ sí.

Ṣé mo lè kó wọn láti oko wá sí ọgbà mi? Èèrà sì kún igi ọsàn wa. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́)

O lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ má kó àgbà, á fò lọ. Ọmọ ni kí o kó, pẹ̀lú ewé tí iná ewé wà lórí rẹ̀, sínú ike tí o fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí ebi bá pa wọ́n, ara wọn ni wọ́n máa jẹ. Wọ́n omi díẹ̀ sí ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì gbé 2 tàbí 3 sórí igi kọ̀ọ̀kan tí iná ewé wà.

Ṣùgbọ́n bí o kò bá kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èèrà, wàhálà lásán ni. Èèrà ń mu omi dídùn tí iná ewé ń yà, ó sì máa ń gbèjà rẹ̀: á lé kòkòrò pupa, á sì gé ẹyin rẹ̀ jẹ. Di aṣọ mọ́ igi ọsàn, kí o fi gíríìsì pa aṣọ náà, má pa á mọ́ èèpo igi. Gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri tàbí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Fún ẹ̀wà, da eérú yí ìdí rẹ̀ ká, kí o tún un dà lẹ́yìn òjò.

Pé kòkòrò lè gba igi ọsàn lọ́wọ́ kòkòrò ti hàn tipẹ́. Láàárín 1888 sí 1889, wọ́n kó irú kòkòrò pupa yìí kan láti Ọsirélíà wá sí ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oko ọsàn ibẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò funfun tó ń fa omi igi mu. Nílé wa níbí, IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn, tú agbọ́n kékeré kan sílẹ̀ ní 1981 fún kòkòrò oníyẹ̀fun tó ń pa gbágùúdá. Nígbà yẹn, kòkòrò pupa ilẹ̀ wa ń jẹ nínú kòkòrò oníyẹ̀fun náà, àmọ́ apá rẹ̀ kò ká a. Agbọ́n ló ká a.

Níbo ni wọ́n ń lọ nígbà ọyẹ́? Ṣé wọ́n máa ń wọlé wa? (Ìkòyí)

Abẹ́ èèpo igi, inú koríko tó gbẹ àti inú ewé tó ká ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ní ìlú olótùútù wọ́n ń wọ ilé lọ́pọ̀. Níbí, ọ̀kan tàbí méjì tó bá tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ wọlé lálẹ́ ni. Ẹ fi ìwé gbé e síta. Bí ẹ bá ń jó koríko oko, ẹ fi etí oko kan sílẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3. Tí iná ewé bá sì wọ́n, àgbà ń jẹ ìyẹ̀fun òdòdó, nítorí náà ìlà àgbàdo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà, tí ẹ gbìn ní bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú rẹ̀, á fún wọn ní oúnjẹ nígbà tí ẹ̀wà bá ń fà.