Àfihàn wo ni Raqs Media Collective, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní Íńdíà, ṣe nípa ìgbé ayé ojoojúmọ́ ní Delhi?

28.28 N / 77.15 E :: 2001/2002 ni orúkọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ níbi Documenta 11, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan, nílùú Kassel, ní Jámánì, lọ́dún 2002. Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ibi tí Delhi wà lórí àwòrán ayé.

Jeebesh Bagchi, Monica Narula àti Shuddhabrata Sengupta ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Delhi lọ́dún 1992. Fídíò, ìró àti ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n pa pọ̀ sínú iṣẹ́ yìí láti fi hàn bí àwọn ará ìlú ṣe ń rí àyè lò: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró síbì kan, ta sì ni òfin ń lé kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe fíìmù tí èèyàn ń jókòó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bíi ti sinimá. Ibi tí ẹni tó wọlé bá bá àwòrán dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà, ló darí Documenta ọdún yẹn.