Òkúta aláwọ̀ láti Kábà dé Ìsánlú

Òkun o, àbúrò. O béèrè bóyá o lè rí irú òkúta pupa àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ṣà lórí àwọn òkè aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà níbí, ní agbègbè Kábà, ìpínlẹ̀ Kogi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣa òkúta láti Ìjùmú títí wọ Yàgbà, mi ò sì fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ṣòfò.

Irú tiwọn yẹn ò sí níbí. Òkè ayọnáyèéfín ló bí i. Òkúta yíyọ́ tú sórí ilẹ̀, ó tètè tutù, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì fi ihò sílẹ̀. Omi tó ní èròjà nínú ló ń kún àwọn ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi di agate, òkúta aláwọ̀ tí wọ́n ń ṣà yẹn. Irin inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di pupa fòò tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà Jos àti Biu ni kí o gbà bó bá jẹ́ ti ayọnáyèéfín lo ń wá. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni gránáìtì tiwa, òkúta líle tí àpáta ibí jẹ́, ti tutù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn. Torí pé kò kánjú tutù, horo inú rẹ̀ tóbi débi tí ojú lásán fi ń rí i. Ẹwà tiwa nìyẹn.

Bí o bá wá rí òkúta dúdú tó wúwo, tí ihò kún ara rẹ̀ bíi búrẹ́dì, má sáré pè é ní ti ayọnáyèéfín. Ìdàrọ́ ni, ohun tó ṣẹ́kù níbi tí àwọn baba wa ti yọ́ irin. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ayọ̀ gbé e wá fún mi, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí ojú ibi tó wà ló ti lè sọ ìtàn fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Wọ́n ti walẹ̀ rí nínú ihò àpáta ní Ifẹ̀-Ìjùmú, wọ́n sì bá ohun èlò olókùúta àti àpáàdì àtijọ́ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi í sílẹ̀.

Apá ìlú Ẹ̀gbẹ́ ní Yàgbà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wàá rí quartz funfun, feldspar tó pupa díẹ̀, mica tí èékánná ń ṣí léwéléwé, àti tourmaline dúdú gígùn tó ní ìlà lára. Ní Ìsánlú, òkúta aláwọ̀ ewé dúdú wà, talc náà wà, èyí tó rọ̀ tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà ẹ̀rùn ni kí o lọ, nígbà tí odò ti fà tí wọ́n sì ti sun igbó. Inú odò ni kí o kọ́kọ́ wò. Òkúta tí etí rẹ̀ ò mú mọ́ ti rin ọ̀nà jíjìn. Èyí tí etí rẹ̀ ṣì mú, orísun rẹ̀ ò jìnnà. Máa tẹ̀ lé e lọ sókè odò. Jẹ́ kó gbẹ kí o tó jù ú sápò, torí omi máa ń gbé àwọ̀ ẹlẹ́tàn yọ. Fi ha ìgò: quartz àti tourmaline á họ ọ́, talc àti mica ò ní lè họ ọ́.

Kí baálẹ̀ àti olóko, kí o sì bi àwọn àgbà léèrè òkè tó jẹ́ èèwọ̀. Kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Ìsánlú, má sún mọ́ etí rẹ̀ rárá. Ó máa ń ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Má sì sọ ọ́ di ọjà, torí òfin ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń wà á.

Kọ orúkọ odò, ìlú àti ọjọ́ sórí bébà, kí o fi ti òkúta kọ̀ọ̀kan sínú náílọ̀n tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má di ilé kí o tó kọ ọ́. Bí o bá ti ní díẹ̀, ya fọ́tò wọn ní gbígbẹ, lójú oòrùn, kí o gbé báírò sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí n lè mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Màá bá ọ wò wọ́n.